Gígùn Kan, Kúkúrú Méjì

Lábẹ́ òkè tí wọ́n bí mi sí, lápá àríwá Áísílàndì,
wáyà kan ṣoṣo ló so oko mẹ́sàn-án pọ̀.
Bí tẹlifóònù bá dún gígùn kan, kúkúrú méjì,
tiwa nìyẹn.
Kúkúrú mẹ́ta, ti Bàbá Ketil ẹ̀bá odò.
Ṣùgbọ́n tẹnikẹ́ni tó bá dún, gbogbo ilé ló ń gbé e.
Kò sẹ́ni tó pè é ní ìfetíkọ́.
Bí ẹní ń gbọ́ bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí ni.

Ìyá mi, Svava, a máa fi àkísà bo ẹnu rẹ̀
kí èémí wọn má baà wọnú wáyà.
Ìbọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń hun á wà lórí itan,
wọn a gbọ́ ẹni tí màlúù rẹ̀ rọbí rọbí tí kò bí,
wọn a gbọ́ ẹni tó jẹ báńkì ní gbèsè,
wọn a gbọ́ dókítà tó ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ
ohun tí ìyàwó ẹni náà kò tíì mọ̀.
Ilẹ̀ ọjọ́ kejì á mọ́, wọn a gbé búrẹ́dì lọ síbẹ̀.
Wọn kò ní sọ ìdí.
Ẹnikẹ́ni kò ní béèrè.

Èmi Unnur, mo pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún,
mo pe ọmọkùnrin kan ní Akureyri.
Mo sọ gbólóhùn kan fún un
tí n kò tíì sọ sí dígí pàápàá.
Nínú ìdákẹ́jẹ́ tó tẹ̀lé e
mo gbọ́ aago ara ògiri: kọ̀, kọ̀, kọ̀.
A kò ní aago ara ògiri nílé wa.
Òun náà kò ní.

Lọ́jọ́ tí a kó àgùntàn sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè,
Bàbá Ketil wò mí lójú, wọ́n fọn ikun, wọ́n ní:
"Akureyri jìnnà o, ọmọ mi. Yìnyín á ti dí ọ̀nà."
Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

Ìdí rèé tí gbogbo yàrá ilé mi fi ní kọ́kọ́rọ́.
Mo ń kan ilẹ̀kùn yàrá ọmọ mi
láti ìgbà tí kò tíì mọ bí a ṣe ń pe "wọlé".
Lẹ́tà tó bá dé fún un, n kì í já a.
Mo rò pé ogún ni mo ń fún un.

Embla dàgbà.
Ó ya àwòrán ẹsẹ̀ rẹ̀ tó dá, ó ya ẹkún rẹ̀,
ó fi han ẹgbàajì ènìyàn
tí kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè gbé búrẹ́dì wá.
Ṣùgbọ́n bí mo bá nawọ́ sí fóònù rẹ̀, kí n kàn wo agogo tó lù,
á já a gbà bí ẹni tí mo fẹ́ tú láṣọ.
"Ìyá, ọ̀rọ̀ àdáni mi ni."
Ẹnu mi ló ti kọ́ ọ.

Nígbà Àjíǹde, a lọ kí Svava. Wọ́n ti lé láàádọ́rùn-ún.
Embla gbọ́ ìtàn àkísà, ó rẹ́rìn-ín títí:
"Ìyá àgbà, olè ọ̀rọ̀ ni yín!"
Svava kò gbójú sókè níbi tí wọ́n ti ń hunṣọ.
"Àwọn tó ń wo tìrẹ, ṣé o máa ń gbọ́ èémí wọn?"

Mo rántí òru tí bàbá mi ṣubú nínú ilé àgùntàn.
Ìyá mi ń bá dókítà sọ̀rọ̀, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n.
Kí wọ́n tó gbé e sílẹ̀,
iná tírákítọ̀ mẹ́ta ti ń bọ̀ nínú yìnyín.
Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. N kò bi ẹnikẹ́ni bí wọ́n ṣe mọ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ilẹ̀kùn Embla ṣí díẹ̀.
Ó ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ohùn rẹ̀ ti há.
Mo dúró nínú òkùnkùn pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ lẹ́sẹ̀.
Mo fi ọwọ́ bo ẹnu mi.
Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dá dúró.
"Ìyá," ó ní, "mò ń gbọ́ èémí yín."